Ẹ Má Sọ Ẹkún Ọmọdé Di Ọjà: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Bí A Bá Ń Sọ Ìwé Àwọn Ọ̀dọ́ Di Fíìmù

Lóṣù tó kọjá, àwa mẹ́fà jókòó yí tábìlì kan ká ní Súrùlérè, à ń ka ìwé eré kan tí wọ́n fà yọ látinú ìtàn àròsọ tí àwọn ọmọ ọdún 16 fẹ́ràn gan-an. Ìyá ọmọbìnrin inú ìtàn náà ti kú. Ojú ewé mẹ́rin ni òǹkọ̀wé fi sọ ohun tó ń lọ lọ́kàn ọmọ náà bó ṣe ń ká aṣọ ìyá rẹ̀ sí àpótí. Nígbà tó fi máa di ìwé eré, ẹkún ni ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dà: ó sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún ní balùwẹ̀, ó jáde sínú òjò, ó tún bú sẹ́kún. Ọ̀dọ́bìnrin tó máa ṣe ipa náà kà á tán, ó gbé bébà sílẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kàn ká aṣọ yẹn."

Mo bọ́ ìborùn mi fún un. Ó yọ igba náírà nínú báàgì rẹ̀, ó dì í ní kókó sí etí aṣọ náà bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń dì í, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Ó ká a sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ọwọ́ rẹ̀ kan kókó. Ó dúró. Kò tú u. Ó ká aṣọ náà bò ó, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nídìí tábìlì yẹn.

Àwọn òbí máa ń bi mí bóyá ó tiẹ̀ yẹ ká máa sọ irú ìwé tó le báyẹn di fíìmù: ìwé ikú òbí, ìwé ọmọ tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, ìwé ọmọ tí ayé sú. Èsì mi ni pé ó yẹ. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń bá àwọn ọmọ kàwé ní Yábàá, mo sì mọ bí àwọn tí kò rí owó ra ìwé ṣùgbọ́n tí wọ́n ń wo fíìmù lórí fóònù ẹ̀gbọ́n wọn ṣe pọ̀ tó. Ọmọ tó bá rí ọgbẹ́ ọkàn rẹ̀ lára ọmọ mìíràn a máa rí ẹnu sọ ọ́. Ọ̀nà tí à ń gbà ṣe é ló ń bà mí nínú jẹ́.

Àṣìṣe tó bí àwọn yòókù ni kí a máa fi ẹkún díwọ̀n fíìmù. Ẹni tó fẹ́ gbé owó sílẹ̀ á béèrè pé, "Ṣé wọ́n máa sunkún?" Olùdarí á bá ki orin arò bọ ibi gbogbo, òṣèré á máa fa ikun símú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má ṣe é. Bí òṣèré bá ti bá wa sun gbogbo ẹkún náà tán, kí ló kù tí òǹwòran fẹ́ ṣe? Ẹ wo Ó Le Kú. Ọdún 1974 ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé ìwé náà jáde, ìtàn Àjàní àti àwọn ọmọbìnrin tó ń fẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìwé eré nígbà tí Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wọni lára, síbẹ̀ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn l'Ékòó kọ́kọ́ ń rántí ni ìró kúkúrú tí àwọn ọmọbìnrin náà ró, débi pé orúkọ fíìmù di orúkọ aṣọ lọ́dọ̀ àwọn aránṣọ. Kì í ṣe àbùkù rárá. Aṣọ, ẹ̀rín, ẹ̀fẹ̀ àti ìgbéraga ìgbà ọ̀dọ́ ló jẹ́ kí ìbànújẹ́ ríbi jókòó sí. Ẹ̀dá tí a kò bá rẹ́rìn-ín rí, omijé rẹ̀ kì í pẹ́ gbẹ lójú wa.

Èkejì ni kí ẹ máa fi ẹnu òṣèré sọ ohun tí ìwé sọ nínú ọkàn. "Mo ń bínú nítorí pé bàbá mi kò fẹ́ràn mi." Ọmọ wo ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn? Ọmọ tó ń bínú sí bàbá rẹ̀ á ní òun ti yó, á dá oúnjẹ sílẹ̀. N kò ní kí ẹ má lo ohùn asọ̀tàn o. Stephen Chbosky kọ The Perks of Being a Wallflower ní 1999 bíi lẹ́tà, òun náà ló darí fíìmù rẹ̀ ní 2012, ó sì dá lẹ́tà náà sí nínú rẹ̀. Àmọ́ ìwọ̀nba ló fi ohùn yẹn sọ. Ó jẹ́ kí ojú ọmọ náà sọ ìyókù.

Ẹ̀kẹta, èyí tó sún mọ́ wa jù: ẹ má yá ilé onílé fún ìbànújẹ́. Àwọn kan á mú ìtàn tí ọmọ ti ní yàrá tirẹ̀, tó ń ti ilẹ̀kùn, tó ń sunkún sórí ìrọ̀rí, wọ́n á yí orúkọ rẹ̀ padà sí Bísí, wọ́n á ní Èkó ló ń gbé. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: níbo lọmọ ti ń sunkún l'Ékòó? Nínú yàrá kan ní Bàrígà tí èèyàn márùn-ún ń sùn, kò sí ilẹ̀kùn tó fẹ́ tì. Ó lè jẹ́ ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ ló ti ń sun ún, níbi tí ariwo ò ti ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ó lè jẹ́ inú dáńfó lórí Third Mainland, tó kọjú sí ọ̀sà bí ẹni ń wo ọkọ̀ apẹja, tí kọ́ńdọ́ ń béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìdí ata tó ń gé, kó sọ pé àlùbọ́sà ni. Ọmọ tó ń wá ibi tí yóò ti sunkún, fíìmù ni ìyẹn nìkan, kí ẹkún tiẹ̀ tó dé.

Ẹ̀kẹrin kò ṣe é fọwọ́ yẹpẹrẹ mú rárá. Bí ìtàn bá kan ọmọ tó gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ẹ má gbé kámẹ́rà wọ inú yàrá náà. Nínú ìwé Thirteen Reasons Why tí Jay Asher kọ ní 2007, ohùn ọmọbìnrin tó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ la ń gbọ́ látinú kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí Netflix sọ ọ́ di eré ní 2017, wọ́n fi ikú náà hàn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àwọn dókítà pariwo, àwọn òbí pariwo, ó sì di July 2019 kí wọ́n tó yọ ìran náà. Lọ́dún 2019 yẹn náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé ìtọ́nisọ́nà jáde fún àwọn tó ń ṣe fíìmù, pé kí wọ́n má fi bó ṣe ṣẹlẹ̀ hàn, kí wọ́n sì jẹ́ ká rí àwọn tó rí ìrànlọ́wọ́ gbà, tí wọ́n sì là á já. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti wúwo tẹ́lẹ̀ lè jókòó sáàárín àwọn òǹwòran wa. Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nítorí pé àjọ tó ń yẹ fíìmù wò lẹ 15 tàbí 18 mọ́ ọn lára. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ ọmọ tó gba fíìmù lórí fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Àwọn kékeré náà wà. Ẹ má mú ẹni ọdún 32 ṣe ọmọ ọdún 15; àwọn ọmọ máa ń mọ̀ lójú ẹsẹ̀, ọkàn wọn á sì kúrò níbẹ̀. Ẹ má fi ìwàásù pásítọ̀ tàbí ààfáà parí ìtàn tí kò ní ìwàásù nínú. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, lórí ìwé, pẹ̀lú owó, kí ẹ tó kọ ìran àkọ́kọ́.

Èyí tó kù, èmi gan-an ni mo ṣe é. A fi irú fíìmù bẹ́ẹ̀ han àwọn ọmọ ogójì ní gbọ̀ngàn kan ní Ẹ̀bútè-Mẹ́tta. Wákàtí méjì ni mo sanwó rẹ̀, fíìmù náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba wákàtí méjì. Bó ṣe ń parí ni ẹni tó ni gbọ̀ngàn ti ń kó àga, tí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Ọmọkùnrin kan dúró dè mí lórí àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn, ó ní, "Àǹtí, bàbá ẹ̀ yẹn, ṣé ó padà wálé?" Fíìmù náà kò sọ. Tọ́ọ̀ṣì fóònù la tàn tí a fi sọ̀rọ̀ náà, àwa méjì, títí ìyá rẹ̀ fi wá mú un. Láti ìgbà náà, wákàtí mẹ́ta ni mò ń sanwó fún.