Ọnà láìsí kílínà: bí mo ṣe mú wọn láti orí páálí dé orí aṣọ ní Ìkòròdú

Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó bá wá kọ́ ọnà lọ́dọ̀ mi ni, "Àǹtí, èmi ò mọ àwòrán yà o." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ilé ìwé, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́kadà. Èsì kan náà ni mo máa ń fún gbogbo wọn: a ò ní ya àwòrán kankan. Kò sẹ́ni tó máa ya èèyàn, kò sẹ́ni tó máa ya ilé tàbí igi àgbọn. Ìlà la máa fà, a ó tún un fà, a ó tún un fà, títí ojú páálí á fi kún.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mo ń ṣe, Ìgbógbó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ẹni tó bá ń gbé Ìkòròdú mọ bí ọ̀rọ̀ iná ṣe rí: ẹ máa wà nídìí maṣíìnì wíífìn, aṣọ oníbàárà á ti wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, wọ́n á mú iná lọ. Tí mo bá ti jókòó báyẹn, ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà ni mo máa ń ya ọnà wẹ́wẹ́ sí. Oníbàárà kan ló rí i tó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tí ẹ ń ṣe yìí, àwọn kan ń sanwó kọ́ ọ l'Ámẹ́ríkà?" Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àfìgbà tó fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀.

Zentangle ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin kan, Rick Roberts, àti obìnrin kan, Maria Thomas, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ló dá a sílẹ̀. Iṣẹ́ Maria ni kíkọ lẹ́tà aláràbarà. Bó ṣe ń fi ọnà wẹ́wẹ́ kún ẹ̀yìn lẹ́tà ńlá kan lọ́jọ́ kan, kò mọ̀ ìgbà tí ilẹ̀ ń lọ mọ́, ọkàn rẹ̀ sì pa rọ́rọ́. Ó sọ ọ́ fún Rick. Rick, tó ti wà rí lára àwọn mọ́ǹkì, ìyẹn àwọn ọkùnrin tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún àdúrà àti àṣàrò, sọ fún un pé àṣàrò ló ń ṣe yẹn. Ni wọ́n bá tò ó lẹ́sẹẹsẹ kí ẹnikẹ́ni lè ṣe é. Páálí kékeré onígun mẹ́rin, íńṣì 3.5 ní òró àti ní ìbú, bírò dúdú tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, pẹ́ńsùlù. Páálí náà kò lórí, kò nídìí, ibi tó bá wù yín lẹ lè yí i sí. Kò sì sí kílínà.

Orúkọ yẹn ní ẹni tó ni ín o. Wọ́n ní àwọn olùkọ́ tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn, èmi ò sí lára wọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé "Ẹ̀kọ́ Ọnà" lásán ni mo kọ síwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀rọ̀ kílínà yẹn ló dúró sí mi lọ́kàn jù, torí mo mọ iṣẹ́ mìíràn tí kò ní kílínà: àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ ya ọnà sára aṣọ kí aró má bàa mu ibẹ̀. Tí ìyá tó ń ya ẹlẹ́kọ bá ti fi ìyẹ́ adìẹ kan aṣọ, ó ti kàn án nìyẹn. Àwọn ìyá wa n'Íbàdàn àti l'Ábẹ́òkúta á pín aṣọ sí ojú kéékèèké, wọ́n á wá fi ọnà tó yàtọ̀ kún ojú kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn: òpó gbọ̀ngàn Màpó wà níbẹ̀, ṣíbí wà láàárín òpó. Abala méjì ni wọ́n máa ń rán pọ̀ di odindi aṣọ kan, abala kọ̀ọ̀kan á tó ọ̀pá 2.5. Ẹ ro iye ìlà tó máa gba orí aṣọ bẹ́ẹ̀ kọjá. Nítorí náà mo pinnu pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lórí páálí lọ́dọ̀ mi, orí aṣọ ló máa parí sí. Orí páálí ni kí ẹ̀rù ti kúrò lára ọwọ́, torí páálí ò wọ́n, aṣọ ló wọ́n.

Kádíbọ́ọ̀dù funfun táwọn ọmọ ilé ìwé ń rà ni mo gé fún wọn. Tó bá jẹ́ èyí tó jẹ́ íńṣì 22 sí 28, ẹyọ kan á mú páálí kékeré 48 jáde. Abẹ àti rúlà ni kí ẹ fi gé e. Sísọ́ọ̀sì kì í jẹ́ kí etí rẹ̀ gún. Bírò táwọn ará ọ̀hún fẹ́ràn, Micron 01, ìdá 0.25 mílímítà ni ìlà rẹ̀. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe owó ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Bírò jẹ́ẹ̀lì dúdú ni mo rà, mo sì kìlọ̀ fún wọn pé kó gbẹ kí wọ́n tó gbé ọwọ́ lé e. Bírò lásán máa ń já ìlà lójijì, á tún wá po yíǹkì sílẹ̀ níbi tí ẹ ò fẹ́.

Ọpẹ́ ni wọ́n ní kéèyàn fi bẹ̀rẹ̀: kó kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀, kó mọ rírì ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Massachusetts, ṣùgbọ́n ní Ìgbógbó, mi ò tíì sọ ọ́ tán tí ẹnì kan fi gbé orin ọpẹ́, àwọn tó kù gbè é, ẹni tó wá gba aṣọ ní ẹnu ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ẹ̀kọ́ ò tètè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn ọpẹ́, ẹ fi pẹ́ńsùlù tọ́ àmì kékeré sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ fi ìlà so wọ́n pọ̀, kò pọn dandan kó gún. Ẹ wá fi pẹ́ńsùlù yẹn kan náà fa ìlà kan tó máa lọ́ káàkiri inú rẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́, kó pín in sí yàrá mélòó kan. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ pẹ́ńsùlù parí sí ná. Bírò ló kàn, yàrá kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọnà tirẹ̀.

Ọnà tí mo kọ́kọ́ fún wọn ni èyí tí wọ́n ń pè ní Hollibaugh. Ẹ fa ìlà méjì tó sún mọ́ra láti etí kan dé etí kejì: ọ̀pá kan nìyẹn. Ẹ fa ọ̀pá kejì kó dábùú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìlà yín bá dé ara ọ̀pá àkọ́kọ́, ẹ dúró, ẹ fo ó, ẹ máa bá a lọ ní òdìkejì. Lójú, ó máa dà bíi pé ó gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ẹ̀yìn ni gbogbo ọ̀pá tuntun ń gbà, kì í gba iwájú. Tí ọ̀pá bá ti pọ̀ tó, ẹ fi bírò kun àlàfo tó kù ní dúdú.

Màmá nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ dúró. Ó ti gba àárín ọ̀pá kọjá níbi tó yẹ kó ti fo. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó yọ ìgò ojú rẹ̀.

"Mo ti bà á jẹ́. Ìyá Ìbejì, fún mi ní òmíràn."

"Màmá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká parí èyí ná."

"Pẹ̀lú ìlà burúkú tó wà láàárín rẹ̀ yìí?"

"Ẹ fa irú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mà. Kí ẹ tún fa òmíràn sí i."

Ó fi ojú wò mí bí ẹni pé mo gbé abẹ́rẹ́ fún aláìsàn láì fọ ọwọ́. Síbẹ̀ ó fà á. Ìlà kan di mẹ́ta, mẹ́ta di márùn-ún, gbogbo ọ̀pá yẹn wá di onílà. Ó bojú wo ọ̀pá tó kù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlà sí wọn lẹ́yọ ẹyọ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Kò bá wa sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tó jẹ́ pé láti ìgbà tó ti wọlé ló ti ń ròyìn bí ọmọ rẹ̀ kì í ṣe pè é! Tí wọ́n bá bi mí pé kí ló jẹ́ àṣàrò nínú ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí mo máa tọ́ka sí nìyẹn. Ẹ ò lè máa ka ìlà kẹ́ ẹ tún máa ka ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ.

Ọlọ́kadà yàtọ̀. Kíákíá ló ń ṣe tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ le, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu páálí já. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó wà níbẹ̀ ń fi rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Mo mọ ibi tí irú ọwọ́ yẹn máa wúlò.

Bí a ṣe ń bá a lọ, ọjọ́ Orò bọ́ sáàárín ẹ̀kọ́ wa. Ẹni tó mọ Ìkòròdú mọ̀ pé obìnrin kì í jáde lọ́jọ́ náà. Mo ti pín páálí fún wọn ṣáájú, mo sì fi ọnà oṣù lé wọn lọ́wọ́: ẹ ya ìlàjì oṣù dúdú kéékèèké sí etí yàrá yíká, ẹ fa ìlà yí wọn ká, ẹ tún fa òmíràn yí ti àkọ́kọ́ ká, títí àwọn ìlà á fi pàdé ara wọn láàárín. Ilé ni gbogbo wa jókòó sí tá a ti ń yà. Ẹnì kan ya tirẹ̀ kọjá páálí, ó bọ́ sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà. Tí ọnà oṣù bá ti dán lọ́wọ́ èèyàn báyẹn, ó ti tó gbé dórí aṣọ.

Aṣọ òwú funfun ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ dáadáa, torí sítáàṣì tó bá a ti ilé iṣẹ́ wá kì í jẹ́ kó mu aró. Ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ fi èékánná tẹ ojú ibi tó ṣẹ́, ẹ tú u: ojú kéékèèké yín ti jáde láìlo pẹ́ńsùlù.

Láfún ni ẹ̀kọ tá a fi ya á. Ẹ pò ó mọ́ omi tútù kó má ṣe ní kókó, ẹ fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, ẹ gbé e kaná, ẹ máa rò ó títí tó fi máa jiná tó sì máa dán. Àwọn àgbà tún máa ń fi òkúta búlúù sí i, èyí tí wọ́n ń pè ní copper sulphate. Májèlé ni. Èmi kì í gbé e síwájú ọmọdé, ìkòkò tí mo bá sì fi se é kì í padà sí ilé ìdáná mọ́ láé. Ẹ sẹ́ ẹ̀kọ náà, ẹ jẹ́ kó tutù. Tí ẹ bá ti ìyẹ́ bọ̀ ọ́, tó ń kán wàrà, omi rẹ̀ ti pọ̀ jù. Tí kò bá kán rárá, ó ti ki jù.

Ìyẹ́ adìẹ tó gùn ni mo fún wọn. Ẹ ya irun ara rẹ̀ kúrò, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ ní ṣóńṣó orí. Ìlà rẹ̀ kì í dọ́gba bíi ti bírò: ó máa ń sanra níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, á máa tín-ín-rín lọ, ẹ ó sì ti ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibí ni ọlọ́kadà ti wá di ọ̀gá. Ẹ̀kọ fẹ́ ọwọ́ tó le. Tí ìlà bá fẹ́lẹ́ jù, aró á gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Àwọn tó ti ń fi í rẹ́rìn-ín ló wá ń bi í pé, "Bọ̀ọ̀dá, báwo lẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ná?" Fún ọnà tó wẹ́ gan-an, mo já ọwọ̀ ìgbálẹ̀ fún wọn.

Òjò ò jẹ́ kí ẹ̀kọ gbẹ bọ̀rọ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù la sá aṣọ sí, mo tan fáànù sí i nígbà tí iná wà. Kò gbọ́dọ̀ ku ọ̀rinrin kankan kí aṣọ tó wọ inú aró.

Ewé ẹ̀lú ni aró àtijọ́, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti rí kó pọ̀ tó. Aró oníyẹ̀fun la lò, pẹ̀lú kọ́sítíìkì (caustic soda) àti háídírò (sodium hydrosulphite). Ìta gbangba ni ká ti pò ó, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, kọ́sítíìkì lẹ sì máa dà sínú omi, ẹ má ṣe da omi lé kọ́sítíìkì lórí, á ta síni lójú. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Ẹ tẹ́ aṣọ sínú rẹ̀, ẹ má fún un, ẹ má jẹ́ kó pẹ́, torí ẹ̀kọ á rọ̀. Tí ẹ bá fà á jáde, àwọ̀ ewé lẹ máa rí. Ẹ ní sùúrù: afẹ́fẹ́ ló máa sọ ọ́ di aró lójú yín. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún rì í, ẹ tún yọ ọ́, títí á fi dúdú tó bí ẹ ṣe fẹ́. Nígbà tó bá gbẹ tán, ẹ fi ọwọ́ ha ẹ̀kọ kúrò, ẹ ṣan án.

Ọ̀dọ́bìnrin kan fajú ro pé ọnà tòun ò funfun, pé ó ní búlúù díẹ̀ lára. Bí ẹlẹ́kọ ṣe ń rí nìyẹn. Aró máa ń rọra wọ abẹ́ ẹ̀kọ, ẹ̀yìn aṣọ sì máa ń dúdú gbundúku nítorí ojú kan la fi ẹ̀kọ sí. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Funfun báláú, ẹ lọ bá oníkàńdélà, ẹni tó ń fi àbẹ́là ya ọnà dípò ẹ̀kọ.

Àríyànjiyàn tó wà nílẹ̀ báyìí ni ti síǹkì. Àwọn ọ̀dọ́ ti gbọ́ pé nígbà àtijọ́, àwọn ọkùnrin a máa gé ọnà sára síǹkì, wọ́n á wá fi tẹ ẹ̀kọ sórí aṣọ kí iṣẹ́ lè yá. Ọlọ́kadà ti lọ wá síǹkì. Ó ní òun fẹ́ tà, pé oníbàárà ò lè dúró de ìyẹ́ adìẹ. Màmá nọ́ọ̀sì ní kò sí síǹkì tó máa wọ ibi tí òun bá ti ń ya ọnà. Mo ti sọ ti èmi: kí ẹni tó fẹ́ gé síǹkì gé e, ṣùgbọ́n ọnà tó bá máa gé, kó kọ́kọ́ fi ìyẹ́ ya odindi ojú kan rẹ̀ kí n rí i. Màmá ò tíì gbà. Ó ní òun máa mú ọ̀rọ̀ náà wá lọ́jọ́ Sátidé.