Bí mo ṣe kọ́ àwọn ọ̀dọ́langba ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín "ó gbà" àti "ó fẹ́"

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá bá àwọn ọ̀dọ́langba 22 sọ̀rọ̀ nípa ìbálòpọ̀, ààlà ara ẹni àti ohun tí òfin sọ, ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni ọ̀rọ̀ tí màá lò. "Ìfọwọ́sí" ń dún bí ìwé ọ́fíìsì. "Ìyọ̀ǹda" dáa, àmọ́ ó dà bí ohun tí àgbà ń fún ọmọdé. Èyí tó wà lẹ́nu àwọn ọmọ náà fúnra wọn ni "gbà": ó gbà fún un, kò gbà fún un. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ló wá di odindi iṣẹ́ náà. Èèyàn lè gbà torí pé ó fẹ́. Ó sì lè gbà torí pé ẹ̀bẹ̀ ti sú u, torí pé ẹ̀rù ń bà á, tàbí torí pé kò mọ bó ṣe máa kọ̀. Gbogbo rẹ̀ là ń pè ní "ó gbà".

Mo ti gbìyànjú irú ẹ̀kọ́ yìí lẹ́ẹ̀kan rí, kò sì lọ dáadáa. Òfin ni mo fi bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn: ọjọ́ orí, ẹ̀ṣẹ̀, iye ọdún ẹ̀wọ̀n. Kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, àwọn ọmọkùnrin ti ká apá mọ́ àyà, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sì ń béèrè ni bí wọn ò ṣe ní kó sí wàhálà. Àwọn ọmọbìnrin ò sọ nǹkan kan títí a fi túká. Ìbẹ̀rù ẹjọ́ ti gba gbogbo àyè, kò sẹ́ni tó ráyè ronú nípa ẹni tí wọ́n ṣe nǹkan sí. Torí náà, lọ́tẹ̀ yìí mo pín in sí ìpàdé mẹ́rin, mo sì fi òfin sí ẹ̀kẹta.

Àwọn òbí ni mo kọ́kọ́ rí. Ìyá kan béèrè ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ wọn: "Àǹtí, ṣé ẹ ò ní là wọ́n lójú sí ohun tí wọn ò tíì mọ̀?" Mo ní, "Mà, fóònù ti là wọ́n lójú. Ohun tí fóònù ò kọ́ wọn ni bí èèyàn ṣe ń béèrè, àti bó ṣe ń gbà á tí wọ́n bá ní rárá." Mo sì sọ fún wọn pé àwọn ìwádìí tí UNESCO, àjọ tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ lábẹ́ àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé, gbé yẹ̀ wò nínú ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ ti ọdún 2018 fi hàn pé irú ẹ̀kọ́ yìí kì í mú kí ọmọ tètè bẹ̀rẹ̀ ìbálòpọ̀. Ìyá náà ò dá mi lóhùn, àmọ́ ó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀.

Mo wá olùkọ́ kejì tí a óò jọ máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, torí kò yẹ kí àgbàlagbà tó ń kọ́ni ní irú nǹkan yìí dá wà pẹ̀lú ọmọ kankan nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ ọmọdé sùn, mo mọ ẹni tó máa gbé fóònù àti wákàtí tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láìṣe èyí. Ọjọ́ tí ọmọ bá sọ nǹkan fún yín kọ́ ni ẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ wá nọ́ńbà.

Ọ̀rọ̀ tí mo fi ṣí ìpàdé àkọ́kọ́ rèé: "Tí o bá sọ fún mi pé ẹnì kan ń ṣe ọ́ níṣekúṣe, mi ò ní lè fi ṣe àṣírí. Màá sọ fún ẹni tó lè dáàbò bò ọ́. Ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ jẹ́ kó o mọ ẹni tí mo fẹ́ sọ fún." Ó dùn mí láti sọ ọ́, torí mo mọ̀ pé ó lè pa ẹnì kan lẹ́nu mọ́. Àmọ́ kí ọmọ dákẹ́ fúngbà díẹ̀ sàn ju kí n ṣèlérí tí mi ò ní lè mú ṣẹ.

A ò mẹ́nu ba ìbálòpọ̀ rárá lọ́jọ́ náà. Mo ní kí wọ́n dúró ní méjì-méjì, kí wọ́n kọjú síra, kí wọ́n sì jìnnà síra. Ẹnì kan á máa rìn bọ̀, ẹnì kejì á sọ pé "Dúró" níbi tó bá ti tó o. Ọmọkùnrin gíga kan, ọmọ nǹkan bí ọdún 15, kò sọ̀rọ̀ títí imú bàtà ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi kan tirẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ti gòkè dé etí, gìgísẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ò sì kanlẹ̀ mọ́. Mo béèrè pé, "Níbo ló ti kọ́kọ́ wù ẹ́ kó dúró?" Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó tó ìṣísẹ̀ mẹ́rin. "Kí ló dé tó ò sọ?" Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi ni, Àǹtí. Mi ò fẹ́ kó rò pé mò ń lé e."

Mo yíjú sí ìkejì. "Ìwọ ńkọ́, ṣé o rí nǹkan kan lára rẹ̀?"

Ó ní, "Mo rí i pé ara rẹ̀ ń fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kò sọ pé kí n dúró."

Gbólóhùn yẹn la fi parí ọjọ́ náà. Mi ò bá a wí, torí òótọ́ ló sọ, ó sì ní ìgboyà láti sọ ọ́. Mo kàn ní kí wọ́n tún un ṣe, àmọ́ kí ẹni tó ń rìn bọ̀ máa béèrè ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan pé, "Ṣé kí n máa bọ̀?" Yàrá tó ń hó gèè tẹ́lẹ̀ pa lọ́lọ́. Ọmọkùnrin gíga yẹn sọ pé "Ó tó" ní ìṣísẹ̀ kẹta, ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró, kò sì sí ohun tó bàjẹ́ láàárín wọn.

Kí wọ́n tó lọ, mo gbé àpótí ìbéèrè kalẹ̀. Gbogbo ọmọ ló gbọ́dọ̀ ju ìwé sínú rẹ̀. Ẹni tí kò ní ìbéèrè á kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò ní. Bí gbogbo ọwọ́ bá ń kọ̀wé, kò sẹ́ni tó máa mọ ẹni tó béèrè ohun tó wúwo.

Ní ìpàdé kejì, mo kọ "ó gbà" sí apá kan pátákó, mo kọ "ó fẹ́" sí apá kejì. Mo sọ ìtàn ẹnì kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, tó sì kọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹfà, ó fún un. Ṣé ó gbà? Gbogbo wọn ní ó gbà. Ṣé ó fẹ́? Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọmọbìnrin kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ rí ní, "Àǹtí, ó ti sú u ni." Mo kọ "ó ti sú u" sábẹ́ "ó gbà". Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo nìyẹn, tí ọwọ́ mi ò sì tó wọn: ẹ̀rù bà á, ojú tì í, ó ti mutí, ó ń sùn, olùkọ́ rẹ̀ ni, ó ti ra nǹkan fún un, ó ní òun máa fi í sílẹ̀. Apá "ó gbà" kún dẹ́nu. Lápá "ó fẹ́", ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ó wù ú.

Ìgbà yẹn ni mo wá mú ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ wọlé, kò sì ṣòro mọ́, torí àwọn fúnra wọn ti ṣe àlàyé náà tán. Ẹni tó gbà pé kí o fẹnu ko òun lẹ́nu kò tíì gbà pé kí o fọwọ́ kan ojú ara òun. Ẹni tó fẹ́ lánàá lè má fẹ́ lónìí. Ẹni tó fẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ lè ní ó tó ní àárín, ó sì ti tó nìyẹn. Ohun tó gba àkókò jù ni ti ìdákẹ́. Ìwé méjì nínú àpótí ló béèrè pé, bí kò bá fẹ́, kí ló dé tí kò pariwo? Mo ṣàlàyé pé nígbà tí ẹ̀rù ńlá bá dé, ọpọlọ kì í dúró gbàmọ̀ràn. Ẹlòmíì á jà, ẹlòmíì á sá, ara ẹlòmíì á sì gan, ohùn á há sí i lọ́fun, kò ní lè gbé ọwọ́. Kì í ṣe pé ó yàn án bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin, ó ń ṣẹlẹ̀ sí obìnrin. Mo sì sọ ọ́ ketekete pé wọ́n lè fipá bá ọmọkùnrin pàápàá lò pọ̀, àti pé bí ara rẹ̀ bá dáhùn, ìyẹn ò sọ pé ó fẹ́.

Nígbà tí a dé orí òfin, wọ́n ti ṣe tán láti gbọ́ ọ. Ẹjọ́ kan láti Kánádà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lọ́dún 1992, ìyọ̀ǹda ni kí èèyàn gbà látọkàn wá. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 17 kan wá iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ewanchuk. Ọkùnrin náà ń fọwọ́ kàn án, ọmọbìnrin náà ń sọ pé rárá, ọkùnrin náà á dúró díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, àmọ́ kò fi hàn. Ilé ẹjọ́ kékeré dá ọkùnrin náà sílẹ̀, wọ́n ní ìṣe ọmọbìnrin náà ti jọ ti ẹni tó gbà. Lọ́dún 1999, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Kánádà yí i padà: kò sí ohun tó ń jẹ́ ìyọ̀ǹda tí wọ́n kàn fojú bù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó wà lọ́kàn obìnrin náà lóòótọ́ ni wọ́n máa wò. Ọmọkùnrin tó sọ pé "kò sọ pé kí n dúró" gbé ojú sókè. Ó ní, "Èyí tiẹ̀ sọ, Àǹtí."

Ìyókù yá kánkán. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2003 sọ pé ẹni tó gbà gbọ́dọ̀ ní òmìnira àti agbára láti yàn. Ní Sweden, láti July 2018, kò pọn dandan kí wọ́n rí ìlù tàbí ìhalẹ̀ kó tó jẹ́ ìfipábánilòpọ̀. Jàpáàn gbé ọjọ́ orí tí ọmọ lè fi gbà kúrò ní 13 lọ sí 16 lọ́dún 2023. Ní Nàìjíríà, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sọ pé ẹni tó bá bá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lò pọ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n gbére, kò sì ní ṣe é láǹfààní láti sọ pé ọmọ náà gbà tàbí pé òun rò pé ó ti dàgbà. Òfin tó lòdì sí ìwà ipá tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lọ́dún 2015 sì gbà pé ọkùnrin pàápàá lè jẹ́ ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ àwọn òfin wọ̀nyí di tirẹ̀, torí náà mo ní kí ẹnikẹ́ni máa béèrè èyí tó ń ṣiṣẹ́ níbi tó wà.

Wọ́n béèrè nípa àwọn méjì tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra. Àwọn orílẹ̀-èdè kan fàyè díẹ̀ sílẹ̀: ní Kánádà, ọjọ́ orí náà jẹ́ 16, àmọ́ ọmọ ọdún 14 tàbí 15 lè gbà fún ẹni tí kò fi ọdún márùn-ún jù ú lọ, tí kò sì ní àṣẹ lórí rẹ̀. Ibòmíì ò fàyè kankan sílẹ̀. Ti ẹni tó ní àṣẹ yìí ṣe pàtàkì gan-an. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ka ìbálòpọ̀ láàárín olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tí kò tíì pé 18 sí ẹ̀ṣẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fi àwọn tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá àtàwọn aṣáájú ẹ̀sìn kún un lọ́dún 2022. Fọ́tò ìhòòhò ló kó ẹ̀rù bá wọn jù. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹ̀ṣẹ̀ ni láti ní fọ́tò ìhòòhò ọmọ tí kò tíì pé 18 nínú fóònù tàbí láti fi ránṣẹ́, kódà bí ọmọ náà ló ya ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ yẹn ni mo fa ìwé kan yọ nínú àpótí: "Tí èèyàn bá ti ṣe é sí ẹnì kan kó tó mọ̀ pé kò dáa ńkọ́?" Mo kà á sókè, mo ní màá dáhùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò fẹ́ dáhùn láìronú.

Ìpàdé ìkẹyìn, ẹnu la fi ṣiṣẹ́ jù. Wọ́n ń sọ ọ́ síra wọn títí tí kò fi rọ́ wọn lẹ́nu mọ́: "Ṣé o fẹ́?" "Rárá, mi ò fẹ́." "Kò burú, ó ṣeun tó o sọ fún mi." Gbólóhùn kẹta yìí ló ṣòro fún wọn jù, ọ̀pọ̀ ló sì ń fi "àmọ́ kí ló dé?" kún un. A yọ ìyẹn kúrò. Mo tún sọ ohun tí ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ lè ṣe: kó lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, torí oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, ti oyún sì wà fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún, àmọ́ bó bá ṣe yá tó ló ṣe ń dáa tó. Bó bá lè ṣeé ṣe, kó má tíì wẹ̀, kó sì tọ́jú aṣọ tó wọ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo mú ìwé yẹn jáde. Mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo ní: "Dáwọ́ rẹ̀ dúró. Má lọ ká a mọ́ ibì kan láti bẹ̀ ẹ́, torí ó lè má fẹ́ rí ẹ, ẹ̀bẹ̀ rẹ á sì tún di ẹrù míì lórí rẹ̀. Má sọ ìtàn náà fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Wá àgbàlagbà kan tó o fọkàn tán, kó o sọ ohun tó o ṣe, má ṣe bù mọ́ ọn, má sì yọ kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà lè dé iwájú òfin. Mi ò lè ṣèlérí fún ẹ pé kò ní dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ẹ́ sílẹ̀ láti dá gbé e."

Nígbà tí wọ́n túká, ọmọkùnrin kan ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ìka tú okùn báàgì rẹ̀, ó ń tún un so. Mo ní kó wọlé. Mo ṣí ilẹ̀kùn náà gbayawu, mo sì pe olùkọ́ kejì wa kó wá jókòó tì wá.