Ẹ má so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ UPS

Ẹ̀yin ará wa tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Òṣogbo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé léésà mọ́ UPS kékeré, ìyẹn àpótí oníbátìrì tó ń fún kọ̀ǹpútà níná fún ìgbà díẹ̀ tí iná bá lọ. Tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà bá fẹ́ gbóná láti tẹ̀wé, iná tó máa fà lẹ́ẹ̀kan náà á ju agbára UPS lọ. UPS á kàn han gooro, gbogbo rẹ̀ á kú. Bí iṣẹ́ oníbàárà ojú ewé 40 ṣe lọ mọ́ mi lọ́wọ́ ní Òkè-Fìà nìyẹn, ó dùn mí wọra. Kọ̀ǹpútà àti mọ́nítọ̀ nìkan ni kó wà níbẹ̀. Tí iná bá lọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni UPS máa fún yín: ẹ séèfù iṣẹ́ yín, ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ tó lọ tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ má gbé UPS sójú oòrùn o, ooru ń pa bátìrì rẹ̀.