Bí a ṣe ń fi fọ́ìlì méjì tọpa ọwọ́ láìfara kàn án

Ara wa máa ń gba iná díẹ̀ pamọ́. Tí ọwọ́ bá sún mọ́ irin tí iná ń wọ̀, iná náà á pẹ́ díẹ̀ kí ó tó kún. Ìpẹ́ yẹn ni a fẹ́ kà.

Wá Arduino Uno kan (pátákó kọ̀ǹpútà kékeré tí a ń kọ kóòdù sí), rẹ̀sísítọ̀ (ohun tó ń dí iná lọ́wọ́) megaohm 10 méjì, wáyà, páálí gbígbẹ àti fọ́ìlì ìdáná.

Gé fọ́ìlì méjì tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n má fara kan ara wọn. Má wulẹ̀ fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà mọ́ ọn, fọ́ìlì kì í gbà á. Bó wáyà, ya irun rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ sórí fọ́ìlì, kí o fi téèpù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa.

Fi rẹ̀sísítọ̀ kan so ẹsẹ̀ 4 Arduino (ihò tí nọ́ńbà 4 wà lára rẹ̀) pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ 2, kí o so fọ́ìlì òsì mọ́ 2. Fi èkejì so 4 pọ̀ mọ́ 6, kí fọ́ìlì ọ̀tún wà ní 6. Jẹ́ kí wáyà kúrú, torí wáyà gan-an ń mọ̀ pé ọwọ́ ń bọ̀.

Gba CapacitiveSensor, àkójọ kóòdù tó ń ka ìpẹ́ yẹn, sínú ètò Arduino lórí láptọ̀ọ̀pù rẹ, kí o sì lo àṣẹ capacitiveSensorRaw(30) láti gba iye fọ́ìlì kọ̀ọ̀kan. Kúrò nídìí rẹ̀, ka iye rẹ̀ nígbà 50, wá ìpíndọ́gba wọn. Iye yẹn ni wàá máa yọ kúrò lára gbogbo èyí tó bá tẹ̀ lé e. Bí o bá fo ibí, asán ni ìyókù.

Láti mọ ibi tí ọwọ́ wà, yọ iye òsì kúrò lára ti ọ̀tún, kí o fi àpapọ̀ méjèèjì pín in. Tó bá sún mọ́ -1, òsì ni. Tó bá sún mọ́ 1, ọ̀tún ni. Tí àpapọ̀ bá kéré jù, má kà á sí, kò sí ọwọ́ níbẹ̀.

Mo fi odidi ìrọ̀lẹ́ kan wá ẹ̀bi kóòdù kiri nígbà tí iye mi ń fò bíi tata. Àṣé mo ti yọ ṣájà láptọ̀ọ̀pù tí Arduino so mọ́ ni! Láìsí wáyà tó kan ilẹ̀ nípasẹ̀ ṣájà, iye kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀. Dá ṣájà padà kó o tó fọwọ́ kan kóòdù.

Ọwọ́ tó wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 yẹ kó hàn. Gbé ìgò ike òfìfo kọjá, iye náà kò ní fẹ́ẹ̀ mira. Rọ omi kún un, gbé e kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i, wàá rí i tó ń rìn láti òsì lọ sí ọ̀tún.