Bí a ṣe lè yan sìkánà olówó pọ́ọ́kú fún ọkọ̀ tó ti dàgbà

Kí ẹnikẹ́ni tó yọ owó jáde láti ra sìkánà, ẹ̀rọ kékeré tí ń ka kóòdù àṣìṣe láti inú brain box ọkọ̀ (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì), ìbéèrè kan wà tó yẹ kó kọ́kọ́ dáhùn: orílẹ̀-èdè wo ni wọ́n ṣe ọkọ̀ náà fún, ọdún wo sì ni wọ́n ṣe é? Mo fi ìbéèrè yìí ṣáájú iye owó àti orúkọ tó wà lára páálí, nítorí pé ọkọ̀ tí kò gbọ́ èdè sìkánà kan kò ní í dá a lóhùn, ìbáà jẹ́ owó gọbọi ni a fi rà á. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tó ń ná ojú ọ̀nà Kàbà sí Ìsánlú sí Ẹ̀gbẹ̀, àti èyí tó ń lọ láti Kàbà sí Lọ́kọ́jà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, ló ti lé ní ogún ọdún. Sienna tó wá láti Amẹ́ríkà àti Golf tó wá láti Jámánì jọ ń gbé èrò ní gáréèjì kan náà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ sìkánà kò dọ́gba rárá.

Ní Amẹ́ríkà, láti orí ọkọ̀ ọdún 1996 ni òfin ti mú un ní dandan pé kí gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun máa lo ìlànà tí a ń pè ní OBD2, tó fi jẹ́ pé sìkánà kan lè ka Toyota, kó ka Honda, kó sì ka Ford. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọdún 2001 ni irú ìlànà bẹ́ẹ̀ tó di dandan fún ọkọ̀ tuntun tó ń lo bẹntiróòlù, ó sì di ọdún 2004 kó tó kan gbogbo ọkọ̀ tuntun tó ń lo dísẹ̀lì. Nítorí náà, Camry ọdún 1998 tó wá láti Amẹ́ríkà yóò dá sìkánà lóhùn, ṣùgbọ́n Golf 3 tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ lọ́jọ́ orí lè yadi pátápátá, bí ojúhò tí a ń ki sìkánà bọ̀ tilẹ̀ jọra bí ìbejì. Volkswagen ìgbà náà ní èdè tirẹ̀ tó ń jẹ́ KW1281, wáyà KKL tí a ń so mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká, pẹ̀lú ètò tó ń jẹ́ VCDS-Lite, ló sì ń gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n ta sìkánà OBD2 lásán fún òun. Toyota tó ṣáájú 1996 kò tilẹ̀ béèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: nínú ọ̀pọ̀ wọn, wáyà kékeré kan tí a fi so TE1 pọ̀ mọ́ E1 nínú àpótí tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yóò mú kí iná check engine máa ṣẹ́jú, a ó sì ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú bí kóòdù. Ní ti Peugeot 504 oní-kabúrétọ̀ tí àwọn bàbá wa fi ṣe táksí, kò ní brain box tí yóò fi kóòdù kankan pamọ́.

Ìwé ọkọ̀ lè má sọ ọdún tòótọ́, nítorí pé ọdún tí ọkọ̀ wọ Nàìjíríà ni àwọn mìíràn ń kọ sí i. Nọ́ńbà ṣaṣí ni kí ẹ wò, èyí tó ní àmì mẹ́tàdínlógún, tí ẹ ó rí ní ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú tàbí lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Bí àmì àkọ́kọ́ bá jẹ́ 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tò ó. J dúró fún Japan, W sì dúró fún Jámánì. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ló ń sọ ọdún: W ni 1998, X ni 1999, Y ni 2000, lẹ́yìn náà 1 di 2001, 2 di 2002, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Ọkọ̀ lè jáde láti Japan kó sì jẹ́ pé ọjà Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, nítorí náà ẹ tún ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ wá bébà ìdánimọ̀ tó sọ̀rọ̀ nípa èéfín ọkọ̀. Bí ẹ bá rí OBD II tí wọ́n tẹ̀ sí i, ọkàn yín lè balẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó awakọ̀, kí ẹ sì wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ojúhò OBD2 fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, ó sì ní àyè fún píìnì mẹ́rìndínlógún ní ìlà méjì. Ìlà òkè ni 1 sí 8 láti ọwọ́ òsì wá sí ọ̀tún; ìlà ìsàlẹ̀ ni 9 sí 16. Kì í ṣe gbogbo àyè náà ni irin máa ń wà nínú rẹ̀, èyí tí irin wà nínú rẹ̀ ló sì ń sọ èdè ọkọ̀ fún wa. Nọ́ńbà 16 ló ń gbé iná bátìrì wá, 4 àti 5 sì ni ti earth. Ìwọ̀nyí gbọ́dọ̀ wà. Bí irin bá wà ní 7 ṣùgbọ́n tí kò sí ní 6 àti 14, ọkọ̀ náà ń sọ ISO 9141-2 tàbí KWP2000, èyí tó wọ́pọ̀ lára Toyota, Honda àti Nissan àtijọ́. Bí 2 bá ní irin, pẹ̀lú 10 tàbí láìsí i, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ J1850, èdè Ford àti General Motors àtijọ́. Nígbà tí 6 àti 14 bá ní irin, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ CAN, èyí tí gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun ní Amẹ́ríkà ń sọ láti 2008. Bí a bá ka oríṣi méjèèjì J1850 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èdè márùn-ún ni gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọmọ Owé ti Kàbà àti ọmọ Yàgbà lè dúró lójú ọjà kí kálukú sọ tirẹ̀ kí wọ́n sì gbọ́ ara wọn yé. Àwọn èdè ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, sìkánà tí kò bá ní èyí tí ọkọ̀ yín ń sọ kò ní í gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà nìyẹn. Sienna ọdún 2000 ni mo ń wà, iná check engine rẹ̀ sì ti tàn. Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Kàbà, ọmọkùnrin tó ń tajà gbé sìkánà Bluetooth kékeré aláwọ̀ búlúù kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ókun o, ẹ̀gbọ́n. Gbogbo mọ́tò ni èyí ń kà." Mo ní, "Àbúrò, jẹ́ ká fi sára mọ́tò mi kí n tó sanwó." A tì í bọ inú ojúhò, iná pupa rẹ̀ tàn, fóònù mi sì rí i, ṣùgbọ́n nígbà tí áàpù gbìyànjú láti bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀, ó ní òun kò rí ECU, ìyẹn brain box. Ọkọ̀ Camry Muscle tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni a tún fi sí, ojú ẹsẹ̀ ló sì dáhùn, nítorí pé CAN ni Muscle ń sọ. Ọmọkùnrin náà kò parọ́ fún mi; ọkọ̀ tuntun díẹ̀ ni ó ti ń dán ọjà rẹ̀ wò. Ó wọlé, ó sì mú sìkánà mìíràn jáde, èyí tó ní ojú tirẹ̀ àti wáyà gígùn. Ó gba bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó tó gbé ISO 9141-2 sójú, lẹ́yìn náà ni ó gbé kóòdù P0171 jáde.

Ìdí tí irú sìkánà búlúù yẹn fi ń ṣe ségesège kò ṣòro láti mọ̀. ELM327 ni orúkọ ojúlówó chip tó wà nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ Elm Electronics ní Kánádà ló ṣe é, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn wọn ní 2022. Ayédèrú ni ọ̀pọ̀ èyí tó kún ọjà, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti yọ èdè àtijọ́ kúrò. Elm kò ṣe ẹ̀yà tó ń jẹ́ v1.5 rí, síbẹ̀ ẹ ó rí i lára páálí káàkiri, nítorí náà ẹ má gbé ìdájọ́ yín ka orí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Èyí kò sọ pé gbogbo ayédèrú ni kò dára o. Àwọn kan ń ka ọkọ̀ àtijọ́ dáadáa. Ohun tó ń fi òótọ́ hàn ni kí a fi sára ọkọ̀ tí a fẹ́ lò ó fún kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa.

Èyí tí à ń lò pẹ̀lú fóònù dára fún ẹni tó ní sùúrù, nítorí pé owó rẹ̀ kéré, áàpù bíi Torque tàbí Car Scanner sì ń fi nǹkan púpọ̀ hàn. Android ló bá Bluetooth lásán mu. Ẹni tó ń lo iPhone gbọ́dọ̀ ra oní-Wi-Fi tàbí èyí tó ní Bluetooth LE. Kí ẹ gba áàpù náà sórí fóònù nílé, kí ẹ sì dán an wò, nítorí pé ibi tí ọkọ̀ máa ń kú sí lè jẹ́ ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò sí. Èmi fúnra mi fara mọ́ èyí tó ní ojú tirẹ̀, irú bíi Ancel AD310, Konnwei KW850 tàbí Autel AL319, nítorí pé inú ọkọ̀ ló ti ń gba iná, kò nílò fóònù, a sì lè yá awakọ̀ mìíràn lò ní gáréèjì láìsí wàhálà.

Nígbà tí ẹ bá ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má jẹ́ kí iye kóòdù tí wọ́n kọ sára páálí fà yín lọ́kàn. Ó gbọ́dọ̀ lè ka kóòdù tó ti dúró àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ó gbọ́dọ̀ fi freeze frame hàn, ìyẹn ipò tí ẹ́ńjìnì wà nígbà tí àṣìṣe ṣẹlẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ fi live data hàn bí ẹ́ńjìnì ti ń ṣiṣẹ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo kà sí jù, nítorí pé kóòdù kò sọ ohun tó bàjẹ́, ibi tí ìwádìí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ni ó ń fi hàn. P0171 tí Sienna mi gbé jáde sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, mẹkáníìkì kan ti gba owó oxygen sensor lọ́wọ́ mi nítorí kóòdù kan náà, ó pààrọ̀ rẹ̀, ó pa kóòdù rẹ́, iná náà sì tún tàn kí n tó dé Mọ̀pà.

Lọ́jọ́ yẹn a ṣí live data, a sì wo fuel trim, ìyẹn iye epo tí brain box ń fi kún tàbí ń dín kù. Nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ láìtẹ tọ́rọ́tù, epo tó ń fi kún jẹ́ bí 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ dé 2500 lójú RPM, ó sọ̀ kalẹ̀ sí 8. Bí ó bá ga ní ìsinmi tó sì wálẹ̀ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, ó ń tọ́ka sí afẹ́fẹ́ tó ń yọ́ wọlé láti ibi tí kò yẹ, nítorí pé ihò kékeré yẹn kan náà kì í tó nǹkan mọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń fa afẹ́fẹ́ púpọ̀. A tọ páìpù rọ́bà tó so air filter mọ́ ẹ́ńjìnì lọ, nígbà tí mẹkáníìkì kan sì tẹ̀ ẹ́ síwájú sẹ́yìn, ibì kan là gbooro láàárín ìṣẹ́po rẹ̀, èyí tí a kò lè rí bí a kò bá tẹ̀ ẹ́. Rọ́bà náà ló ti ń ṣe wá ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn.

Sìkánà olówó pọ́ọ́kú kì í sábà ka ABS tàbí airbag. Bí iná méjèèjì yìí ló ń dà yín láàmú, ẹ lọ sọ́dọ̀ rewáyà tó ní sìkánà ńlá. Bí sìkánà tiyín kò bá sì tan rárá, ẹ wo fíúsì kí ẹ tó dá a padà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, fíúsì tí ibi ìtanná sìgá ń lò ni ojúhò náà ń lò. Ẹ tún yẹ wáyà ẹ̀yìn ojúhò wò, nítorí pé àwọn tó ń fi tracker àti alarm sínú ọkọ̀ a máa gé e.

Kí ẹ tó pa kóòdù rẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú freeze frame rẹ̀, nítorí pé àwọn méjèèjì jọ ń lọ ni. Ìpaarẹ́ yẹn kan náà ni ẹ lè fi mọ olùtajà tó ń fi nǹkan pamọ́ bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀: ẹ ṣí ibi tí wọ́n kọ I/M Readiness sí. Bí ó bá jẹ́ pé púpọ̀ nínú àyẹ̀wò ara-ẹni ọkọ̀ ni kò tíì parí, nígbà tí bátìrì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ọkọ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti pa kóòdù rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ ní kí ó jẹ́ kí ẹ wà á dé Ìyàrá kí ẹ sì padà, lẹ́yìn náà kí ẹ tún kà á.