Páálí Kò Ya, Ẹ̀rọ Kò Tàn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Fífi Ẹ̀rọ Oníná Ránṣẹ́

Ìbéèrè: Mo fi kọ̀ǹpútà orí tábìlì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Páálí rẹ̀ kò ya, kò sì tẹ̀ wọnú níbì kankan, síbẹ̀ ẹ̀rọ náà kò tàn. Kí ló lè fà á?

Ìdáhùn: Páálí tí kò ya kò túmọ̀ sí pé ohun inú rẹ̀ kò farapa. Nígbà tí páálí bá já bọ́, ilẹ̀ a dá a dúró lójijì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ inú rẹ̀ ṣì ń lọ títí nǹkan mìíràn yóò fi dá òun náà dúró. Bí fóòmù rírọ̀ tí ó nípọn bá ni ó dá a dúró, yóò rọra dúró. Bí ó bá sì jẹ́ ara páálí lásán ni, gbogbo agbára ìjábọ́ náà yóò wọ inú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ohun tí ó wúwo nínú kọ̀ǹpútà ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀, pàápàá káàdì àwòrán ńlá (èyí tí ń gbé àwòrán jáde sójú kọ̀ǹpútà) àti irin tí ń tu ooru kúrò lórí processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, nítorí pé wọ́n rọ̀ mọ́ motherboard, pátákó tí a so gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà mọ́, bí èso ńlá ṣe ń rọ̀ mọ́ ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́, bí wọ́n bá sì ti mì jìgìjìgì, wọ́n lè yẹ̀ kúrò ní àyè wọn tàbí kí wọ́n fa ibi tí a ti so wọ́n mọ́ ya.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé kí wọ́n má ṣe máa tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ léraléra. Kí wọ́n yọ okùn iná, kí wọ́n rọra gbé ẹ̀rọ náà yí, kí wọ́n sì fetí sílẹ̀ bóyá nǹkan kan ń dún nínú rẹ̀, nítorí pé ìdè onírin (skúrù) kan ṣoṣo tí ó bọ́ sórí motherboard tó láti jó o bí iná bá wọlé. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n yọ káàdì àwòrán àti RAM (ẹ̀yà tí kọ̀ǹpútà ń fi rántí ohun tí ó ń ṣe lọ́wọ́), kí wọ́n tún wọn fi bọ àyè wọn dáadáa, kí wọ́n sì tẹ orí gbogbo wáyà mọ́ ibi tí ó yẹ. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a rò pé ó ti kú ni èyí máa ń jí. Nígbà mìíràn, ẹ yọ káàdì náà kí ẹ tó di ẹrù, kí ẹ sì dì í lọ́tọ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni ohun tí a fi ń tì í yíká ṣe yẹ kí ó nípọn tó?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dín ní sẹ̀ǹtímítà 5 ní gbogbo ìhà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí ẹ sì fi kún un bí ẹ̀rọ náà bá wúwo. Èyí tí mo fọkàn tán jù ni páálí méjì: ẹ di ẹ̀rọ sínú páálí kékeré, kí ẹ fi èyí sínú páálí ńlá, kí fóòmù sì kún àlàfo àárín wọn. Bí ẹ bá ti dì í tán, ẹ mì í; bí ẹ bá gbọ́ pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, iṣẹ́ kò tíì parí. Nínú ìlànà ìdánwò 1A tí ISTA, àjọ tí ń ṣètò ìdánwò fún dídi ẹrù, gbé kalẹ̀, páálí tí kò tó kílógíráàmù 10 ni a óò jù sílẹ̀ ní ìgbà 10 láti ibi tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 76, tí igun àti etí rẹ̀ náà yóò fi balẹ̀. Ohun tí ẹrù ń bá pàdé lọ́nà ni ìdánwò yìí ń fara wé, nítorí náà ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ìwé pélébé tí a kọ «Ẹlẹgẹ́» sí.

Ìbéèrè: RAM tí mo fi ọ̀rá lásán wé kò ṣiṣẹ́ mọ́ nígbà tí ó dé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àpá kankan lára rẹ̀.

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí iná tí ń kóra jọ nígbà tí ọ̀rá bá ń fara ra nǹkan ti bà á jẹ́. Kí ènìyàn tó lè mọ irú iná bẹ́ẹ̀ lára, ó máa ń tó nǹkan bí fóòltì (volt, ìwọ̀n agbára iná) 3,000, ṣùgbọ́n àwọn èròjà kan wà tí iná tí kò tó fóòltì 100 lè pa, nítorí náà ẹni tí ó ba nǹkan jẹ́ lè má mọ̀ rárá. Àpò aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń tà fún iṣẹ́ yìí kì í kó iná jọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dènà iná tí ó bá ti ìta wá. Àpò tí ó ń dán bíi fàdákà ni kí ẹ lò, kí ẹ pa ẹnu rẹ̀ dé, kí ẹ tó fi ohun rírọ̀ wé e.

Ìbéèrè: Ilé iṣẹ́ akẹ́rù kọ̀ láti fi ọkọ̀ òfúrufú gbé bátìrì lithium mi. Ṣé wọ́n jàre?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí wọ́n jàre. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2016 ni a ti fòfin de kíkó bátìrì lithium-ion (irú èyí tí ó wà nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká) tí a dì lọ́tọ̀, tí kò sí pẹ̀lú ẹ̀rọ kankan, gẹ́gẹ́ bí ẹrù nínú ọkọ̀ òfúrufú tí ń gbé èrò. Nínú ọkọ̀ òfúrufú akẹ́rù, iná inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bátìrì tí ó bá ti wú, ẹ má ṣe fi ránṣẹ́ rárá, nítorí pé ó lè gbiná.

Ìbéèrè: Ẹ̀rọ mi ti ibi tútù dé, omi sì ń sẹ́ sí ojú gíláàsì rẹ̀. Ṣé kí n tàn án?

Ìdáhùn: Rárá o. Omi kan náà lè ti sẹ́ sí inú rẹ̀ níbi tí ẹ kò lè rí. Ẹ̀rọ tí ó bá ti ibi tútù dé, inú páálí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ sí fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí ó lè móoru díẹ̀díẹ̀. Èyí tí ẹ bá ti ṣí, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá kí ẹ tó so ó mọ́ iná.

Ìbéèrè: Bí ó bá bàjẹ́ lọ́nà, báwo ni mo ṣe lè fi hàn pé ó dára nígbà tí mo fi ránṣẹ́?

Ìdáhùn: Kí ẹ tó di páálí pa, ẹ ya fídíò ẹ̀rọ náà bí ó ti ń ṣiṣẹ́, kí nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ hàn kedere, kí ẹ sì ya fọ́tò bí ẹ ṣe to fóòmù sínú rẹ̀. Kí ẹni tí ó gbà á má ṣe da páálí àti fóòmù náà nù títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú, nítorí pé ilé iṣẹ́ akẹ́rù sábà máa ń béèrè láti yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó gbà láti san owó gbà-máà-bínú.