Bí a ṣe ń yan iye sílẹ̀ fún argument nínú class Python, tí ẹrù ẹnìkan kò fi ní bọ́ sápò ẹlòmíràn

Ká ní télọ̀ kan ní kí ẹ bá òun kọ ètò kékeré sórí kọ̀ǹpútà, tí yóò máa tọ́jú orúkọ àwọn oníbàárà, aṣọ tí wọ́n kó wá àti owó tí wọ́n san sílẹ̀. Oníbàárà kò lè ṣàìní orúkọ, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn lè má san kọ́bọ̀ lọ́jọ́ tó gbé aṣọ wá. Nítorí irú èyí ni Python ṣe gbà wá láyè láti yan iye sílẹ̀ fún argument (ohun tí a ń fi ránṣẹ́ sí function, ìyẹn àkójọ àṣẹ tó ní orúkọ), èyí tí yóò lò bí a kò bá sọ nǹkan kan. Class ni àwòṣe tí a fi ń ṣe oníbàárà kọ̀ọ̀kan, `__init__` sì ni function tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ṣe ọ̀kan tuntun:

```python
class Onibara:
    def __init__(self, oruko, asansile=0):
        self.oruko = oruko
        self.asansile = asansile
```

`Onibara("Sade")` tọ̀nà, `Onibara("Bola", 5000)` náà tọ̀nà. Ẹ rántí pé argument tí kò ní iye ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Bí ẹ bá yí wọn po, SyntaxError (àṣìṣe nínú bí a ṣe kọ ọ́) ni. (Python 3 gba ẹ àti ọ nínú orúkọ, mo kàn yọ àmì kúrò kó lè rọrùn láti tẹ̀ ni.)

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ má fi list òfìfo sílẹ̀

Aṣọ ló kàn; inú list, ìyẹn àkójọ, ni a ó máa tọ́jú wọn sí. Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn ni kí a kọ ọ́ báyìí:

```python
    def __init__(self, oruko, asansile=0, aso=[]):
        self.oruko = oruko
        self.asansile = asansile
        self.aso = aso

sade = Onibara("Sade")
bola = Onibara("Bola")
sade.aso.append("iro ati buba")
print(bola.aso)   # ['iro ati buba']
```

Bọ́lá ò tíì kó aṣọ kankan wá, síbẹ̀ ìró àti bùbá Ṣadé ti wà lórúkọ rẹ̀. Mo ti fi odidi ọjọ́ kan wá irú àṣìṣe yìí rí, nítorí Python ò ké, kò sì sọ pé nǹkan kan bàjẹ́.

Ohun tó fà á ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni Python ń ṣe iye tí a yàn sílẹ̀, ìyẹn nígbà tó bá ka ìlà `def`. Kì í ṣe òmíràn nígbà tí a bá ń pe function. Igbá kan ṣoṣo ló gbé kalẹ̀, gbogbo oníbàárà tí kò bá mú igbá tirẹ̀ wá sì ń bu nǹkan sínú ẹ̀. Òdo kò ní ìṣòro yìí, torí a kò lè yí nǹkan kan padà nínú òdo. List, dict (àkójọ orúkọ àti iye) àti set (àkójọ tí nǹkan kan kì í wà lẹ́ẹ̀mejì nínú rẹ̀) ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì kọ `ojo=datetime.now()` (àkókò ìsinsìnyí), àkókò tí Python ka ìlà yẹn ni gbogbo aṣọ yóò máa jẹ́.

Ẹ fi None (ìyẹn “kò sí nǹkan kan”) síbẹ̀, `aso=None`, kí ẹ wá ṣe list tuntun nínú function:

```python
        self.aso = [] if aso is None else list(aso)
```

`list(aso)` ṣe ẹ̀dà, kí a má baà máa fọwọ́ kan list ẹni tó pè wá. Àwọn kan máa ń kọ `aso or []`. Èmi kì í ṣe é, torí `or` kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí kò sọ nǹkan kan àti ẹni tó dìídì fi òdo tàbí list òfìfo ránṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìràwọ̀ kan, ìràwọ̀ méjì

```python
    def gba_aso(self, *aso, kiakia=False, **iwon):
        self.aso.extend(aso)
        self.kiakia = kiakia
        self.iwon = iwon

sade.gba_aso("buba", "sokoto", aya=40, gigun=44)
```

`*aso` ń kó gbogbo ohun tí a kò dárúkọ jọ sínú tuple (àkójọ tí a kò lè yí padà), `**iwon` ń kó àwọn tí a dárúkọ jọ sínú dict. `kiakia` wà lẹ́yìn ìràwọ̀, nítorí náà dandan ni kí a dárúkọ rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ìràwọ̀ méjì. Bí ẹnìkan bá ṣì í kọ, tó tẹ `kiakai=True`, Python yóò gbà á bí ìwọ̀n, yóò sì dákẹ́. Aṣọ ìgbéyàwó yóò wà nílẹ̀ títí ọjọ́ ìgbéyàwó yóò fi kọjá. Bí ẹ bá ti mọ orúkọ gbogbo argument, ẹ kọ wọ́n jáde, kí ẹ fi ìràwọ̀ lásán ṣáájú:

```python
    def __init__(self, oruko, *, asansile=0, aso=None):
```

Báyìí, `Onibara("Bola", 5000)` yóò mú TypeError wá. Ó dára bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá ka 5000 lásán kò lè mọ̀ bóyá àsansílẹ̀ ni tàbí gbèsè.

Ibi tí mo ti fẹ́ràn `**` jù ni inú class ọmọ (èyí tó jogún class mìíràn), tó kàn ń gbé ìyókù fún class òbí (èyí tó jogún rẹ̀):

```python
class Egbe(Onibara):
    def __init__(self, oruko, *, iye_eniyan=10, **iyoku):
        super().__init__(oruko, **iyoku)
        self.iye_eniyan = iye_eniyan
```

Bí ẹnìkan bá ṣi orúkọ kọ níhìn-ín, class òbí yóò kọ̀ ọ́.

Láti Python 3.7, `dataclass` lè kọ `__init__` fún yín. Bí ẹ bá kọ `aso: list = []` nínú rẹ̀, ValueError ló máa fi dá yín lóhùn, kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. Ohun tó fẹ́ kí ẹ kọ ni `aso: list = field(default_factory=list)`, èyí tó ń ṣe igbá tuntun fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan.